Ilé Tó Wà Láàárín Ọsibítù àti Abúlé

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọmọ tí jẹjẹrẹ bá ń ṣe, orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ni yóò wà títí ara rẹ̀ yóò fi yá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n á gbà á sí wọ́ọ̀dù, wọ́n á ṣe àyẹ̀wò, wọ́n á fún un ní kímò (oògùn jẹjẹrẹ) àkọ́kọ́, wọ́n á sì wo bí ara rẹ̀ ṣe gbà á. Lẹ́yìn ìyẹn, dókítà á ní kí ìyá ọmọ máa gbé e lọ sílé, kí wọ́n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, tàbí lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Báyìí ni wọn yóò máa lọ tí wọn yóò máa bọ̀. Jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ tó wọ́pọ̀ jù lára àwọn ọmọdé lágbàáyé, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní ALL, a máa gba ọdún méjì sí mẹ́ta kí ìtọ́jú rẹ̀ tó parí. Nínú gbogbo òru tó wà nínú ọdún wọ̀nyẹn, díẹ̀ ni ọmọ náà yóò sùn sí wọ́ọ̀dù. Níbo ni yóò wá sùn sí ní ìyókù?

Ọmọ tí ilé bàbá rẹ̀ wà nígboro, tí mọ́tò wà níwájú ilé, ìbéèrè yìí kò kàn án. Ẹni tó kàn ni ọmọ àgbẹ̀ tó ti Kìṣí tàbí Ìgbòho wá sí Ìbàdàn, ọmọ obìnrin tó ń ta gààrí lọ́jà ọlọ́jọ́ márùn-ún, tó jẹ́ pé owó èésú tàbí gbèsè ni wọ́n fi wọkọ̀ wá. Bí ẹ bá gba kọ̀rídọ̀ ọsibítù ìjọba ńlá kan kọjá láàárọ̀ kùtù, kí àwọn agbálẹ̀ tó dé, ẹ ó rí irú wọn: ẹní tí wọ́n ti ká sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, fúláàsìkì omi gbígbóná, báàgì Ghana-must-go tí gbogbo ẹrù wà nínú rẹ̀, ìyá tó ń fi omi inú ike bọ́jú fún ọmọ tí irun orí rẹ̀ ti re tán. Àwọn mìíràn á lọ bá ìbátan tó ń gbé yàrá kan ṣoṣo nínú ilé elérò púpọ̀. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, wọ́n á gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀. Tó bá di oṣù kejì, onílé á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, kò sì jẹ̀bi, nítorí òun náà ò rí ibi nasẹ̀ sí. Àwọn tó pọ̀ jù ló ń wọkọ̀ padà sílé.

Ohun tó mú kí ìrìn-àjò padà sílé yẹn léwu ni iṣẹ́ tí kímò ń ṣe nínú ara. Ohunkóhun tó bá ń yára dàgbà ni oògùn náà ń pa. Jẹjẹrẹ ń yára dàgbà, ó sì ń pa á. Ṣùgbọ́n awọ inú ẹnu, gbòǹgbò irun, àti mùdùnmúdùn inú eegun tí ẹ̀jẹ̀ ti ń wá, àwọn náà ń yára dàgbà, oògùn ò sì yọ wọ́n sílẹ̀. Láàárín bí ọjọ́ keje sí ìkẹrìnlá lẹ́yìn kímò, àwọn sójà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà, tó ń bá kòkòrò jà, a máa lọ sílẹ̀ gan-an. Àkókò yẹn gan-an sì ni ọmọ náà máa ń wà nílé. Kòkòrò tí kò ní ṣe ọmọ mìíràn ju kó wúkọ́ ọjọ́ méjì lọ lè gbé eléyìí ṣánlẹ̀ láàárín ọjọ́ kan.

Ìdí nìyí tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń sọ ọ́ ní àsọtúnsọ pé, “Màmá, bí tẹmómítà bá ti lé dé 38, ẹ má dúró, ẹ máa gbé e bọ̀.” Ìlànà tí àwọn ọsibítù jẹjẹrẹ ń tẹ̀ lé ni pé kí oògùn apakòkòrò ti wọ iṣan ọmọ náà láàárín wákàtí kan tó bá dé ọ̀dọ̀ wọn. Ká wá ní aago méjì òru ni ara bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, lábúlé tí ọkọ̀ kì í gbéra títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Kò sí tẹmómítà; ẹ̀yìn ọwọ́ ni ìyá fi ń kan iwájú orí ọmọ wò. Ó fún un ní parasitamọ́ọ̀lù, ara rẹ̀ rọ̀ díẹ̀, ọkàn ìyá balẹ̀. Kò mọ̀ pé ìgbóná ló lọ sílẹ̀, ohun tó fa ìgbóná ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọmọ ò lè gbórí sókè mọ́. Kí wọ́n tó rí owó yá, kí ọ̀kadà tó gbé wọn dé gáréèjì, kí bọ́ọ̀sì tó kún, ọ̀sán ti pọ́n. Bí ọmọ náà bá kú lọ́nà, jẹjẹrẹ kọ́ ló pa á. Ó tiẹ̀ ṣeé ṣe kí oògùn ti máa ká jẹjẹrẹ náà nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí gbogbo abúlé yóò máa sọ ni pé ọsibítù ló pa á, ìyá mìíràn tí irú rẹ̀ bá sì ṣẹlẹ̀ sí ọmọ tirẹ̀ kò ní gbéra lọ rárá.

Àwọn ọmọ mìíràn wà tí ibà ò mú, tí wọn ò kàn padà wá mọ́ ni. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn jẹjẹrẹ ọmọdé lágbàáyé, SIOP, ní òṣùwọ̀n fún un: bí ọmọ bá pa ìtọ́jú tó yẹ kó gbà jẹ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin léraléra, láìsí ìdí kan nínú ìṣègùn, ó ti pa ìtọ́jú tì. Ó rọrùn láti dá òbí lẹ́bi. Ẹ wo jẹjẹrẹ Burkitt, èyí tó máa ń mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ wú tàbí kí ikùn rẹ̀ le gbandi. Kò sí jẹjẹrẹ púpọ̀ tó ń yára dàgbà tó o, kò sì sí púpọ̀ tó ń yára gbọ́ oògùn tó o. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn kímò, ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wú ti fà sẹ́yìn, ọmọ ti ń rẹ́rìn-ín, ó ń bèèrè oúnjẹ. Ìyá tó fi ọmọ mẹ́ta sílẹ̀ sọ́dọ̀ aládùúgbò, tí èpò ti bo oko ọkọ rẹ̀, tí wọ́n wá ń sọ fún un pé kó tún fi ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ sùn sí kọ̀rídọ̀ nítorí àìsàn tí òun fúnra rẹ̀ rí i pé ó ti lọ, ta ló máa bá a wí pé ó lọ sílé? Ìyókù jẹjẹrẹ tí ojú ò rí ni yóò sì padà wá, tí yóò le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé nǹkan bí 400,000 ọmọdé àti ọ̀dọ́ ni jẹjẹrẹ ń mú lọ́dọọdún. Ní àwọn orílẹ̀-èdè olówó, ó ju 80 lọ nínú 100 tí ara wọn ń yá. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè tálákà, kò tó 30. Ní 2018, wọ́n gbé ètò kan kalẹ̀ pé ó kéré tán, kó di 60 nínú 100 kárí ayé kó tó di 2030. Àìtètè mọ àìsàn àti àìsí oògùn wà lára ohun tó fa ìyàtọ̀ yìí. Àìrí ibi sùn wà níbẹ̀ pẹ̀lú, èmi ò sì rò pé a ń pariwo rẹ̀ tó bó ṣe yẹ.

Ibi tí mo ti rí ẹ̀rí tó dùn mọ́ mi jù ni Recife, ìlú etí òkun ní ìpínlẹ̀ Pernambuco ní Brazil. Wọ́n kó àwọn ènìyàn wa lọ síbẹ̀ lẹ́rú, Nàgó ni wọ́n ń pe ìran wọn níbẹ̀, ojúbọ Yemọja Ògúnté tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ṣì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ dòní. Ọsibítù kan wà ní Recife tí wọ́n ń pè ní IMIP, tó jẹ́ pé ọmọ aláìní ni wọ́n ń tọ́jú jù níbẹ̀. Àwọn kan ń ti inú sertão wá, ìyẹn ilẹ̀ gbígbẹ tó jìnnà sí etí òkun. Láti Petrolina, ìlú kan níbẹ̀, sí Recife ju 700 kìlómítà lọ. Láàárín 1980 sí 1989, nínú 100 ọmọ tí ALL ń ṣe tí wọ́n tọ́jú níbẹ̀, 16 ló pa ìtọ́jú tì. Láàárín 1997 sí 2002, ó ti lọ sílẹ̀ sí ìdá 0.5 nínú 100. Ní sáà àkọ́kọ́ yẹn, 32 nínú 100 ló lo ọdún márùn-ún láìsí pé àìsàn padà tàbí pé wọ́n kú. Ní sáà ìkẹyìn, ó di 63. Scott Howard àti àwọn dókítà Recife tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ló tẹ ìròyìn náà jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn JAMA ní 2004.

N kò ní sọ pé ilé nìkan ló ṣe é. Ọsibítù St. Jude ti Memphis ní Amẹ́ríkà bá wọn dòwò pọ̀. Wọ́n tún ìlànà oògùn ṣe, wọ́n kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì, wọ́n ya wọ́ọ̀dù sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọ náà. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé ọmọ tí kò bá dé ọ̀dọ̀ wọn, oògùn ò lè ṣe é lóore. Wọ́n pèsè ibi tí òbí àti ọmọ ń dé sí, owó ọkọ̀ àti oúnjẹ, òṣìṣẹ́ afẹ́nifẹ́re sì ń wá ìdí ọ̀rọ̀ bí ọmọ kan bá pa ọjọ́ rẹ̀ jẹ. Casa de apoio ni wọ́n ń pe irú ilé bẹ́ẹ̀ ní Brazil, ó sì wà káàkiri àwọn ìlú tí ọsibítù jẹjẹrẹ bá wà. Ìjọba wọn pàápàá ní ètò kan láti 1999, tí wọ́n fi ń sanwó ọkọ̀ àti oúnjẹ fún aláìsàn tí kò rí ìtọ́jú gbà nílùú tirẹ̀.

Philadelphia ní Amẹ́ríkà ni èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù nínú irú ilé báyìí ti bẹ̀rẹ̀. Jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ń ṣe ọmọbìnrin agbábọ́ọ̀lù kan tó ń jẹ́ Fred Hill. Bí òun àti ìyàwó rẹ̀ ṣe ń sùn lórí àga ní ọsibítù, wọ́n ń rí àwọn òbí mìíràn tí wọ́n ti ọ̀nà jíjìn wá. Dókítà Audrey Evans, tó ń tọ́jú àwọn ọmọ náà, ti ń wá ilé kan nítòsí tẹ́lẹ̀. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù rẹ̀, Philadelphia Eagles, dá sí i, McDonald's fi owó mílíìkì ṣéèkì kan tí wọ́n tà ràn wọ́n lọ́wọ́, wọ́n sì ṣí Ronald McDonald House àkọ́kọ́ ní October 1974. Irú rẹ̀ ti lé ní 350 lágbàáyé báyìí.

Èyí tí mo rò pé ó bá ipò tiwa mu jù wà ní Mumbai, ní Íńdíà. Ní Parel, níbi tí ọsibítù jẹjẹrẹ ńlá Tata Memorial wà, ẹ̀gbẹ́ títì ni ọ̀pọ̀ ìdílé tó ti ìgbèríko wá ń sùn, tọmọ-tọmọ. Ní 2006, Shyama àti Nihal Kaviratne dá St. Jude India ChildCare Centres sílẹ̀ (àjọ ọ̀tọ̀ ni, kì í ṣe ti Memphis). Ìdílé kan, ààyè kan. Wọn kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ òbí. Ìdílé kọ̀ọ̀kan ní ibi ìdáná tirẹ̀ nínú kíṣìnnì tí gbogbo wọn jọ ń lò, ọkọ̀ wà tó ń gbé ọmọ lọ sí ọsibítù, ẹ̀kọ́ sì wà fún àwọn ọmọ. Wọ́n ti gbé irú ilé yìí dé àwọn ìlú mìíràn ní Íńdíà.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ nídìí ọ̀rọ̀ kíṣìnnì yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ ṣàánú á kọ́kọ́ rò pé kí òun gba alásè, kí wọ́n máa pín oúnjẹ. Ṣùgbọ́n ẹnu ọmọ tó ń gba kímò a máa bó nínú, gbogbo nǹkan a máa korò lẹ́nu rẹ̀, ata ò ṣeé fi kàn án. Ó lè kọ oúnjẹ láàárọ̀, kó sì bèèrè rẹ̀ ní aago mẹ́wàá alẹ́. Ìyá rẹ̀ ló mọ̀ pé bí òun bá po ẹ̀kọ mímu tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí òun fi mílíìkì àti ẹ̀pà lílọ̀ kún un, ó lè mu ìdajì ife. Pé mọ́ínmọ́ín tó rọ̀, tí kò ní ata, ni yóò gbé mì. Ọmọ tí ebi ti sọ di eegun kì í lè fara da kímò bó ṣe yẹ, nítorí náà ìdajì ife ẹ̀kọ yẹn wà lára ìtọ́jú. Òfin tí ilé ní láti fi lélẹ̀ ò ju díẹ̀ lọ: kí wọ́n se omi mímu kó hó, kí wọ́n fọ ẹ̀fọ́ àti èso dáadáa, kí oúnjẹ jinná, kí wọ́n jẹ oúnjẹ òní lónìí, kí gbogbo ọwọ́ tó bá fẹ́ kan ọmọ kọ́kọ́ kan ọṣẹ. Nǹkan mìíràn tún wà níbẹ̀. Obìnrin tó ti lo oṣù kan tó ń gba àṣẹ lẹ́nu dókítà, lẹ́nu nọ́ọ̀sì, lẹ́nu akọ̀wé owó, yóò rí ohun kan tó ṣì wà ní ìkáwọ́ rẹ̀.

Yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ afẹ́. Bí èéyi tàbí chickenpox bá wọ ilé tí ọmọ mẹ́wàá sùn sí gbọ̀ngàn kan, ó lè kó ju ẹyọ kan lọ. Nítorí náà, yàrá kan gbọ́dọ̀ ṣófo nígbà gbogbo fún ọmọ tó bá ń wúkọ́ tàbí tí nǹkan bá sú sí lára. Èmi á fi kún un pé kí ilé má ṣe gba àgbàlagbà aláìsàn mọ́ àwọn ọmọ, bó ti wù kí àánú wọn ṣeni tó.

Lára ògiri yàrá kọ̀ọ̀kan, kí àtẹ kan wà: ìgbóná ara ní àárọ̀ àti ní alẹ́, ọjọ́ tí kímò kàn, oògùn tí wọ́n ń lò nílé. Ìyá tí kò mọ̀wé kà lè ka nọ́ńbà orí tẹmómítà lẹ́yìn tí wọ́n bá kọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì. Bí kò bá dá a lójú, kó kan ilẹ̀kùn alájọgbé rẹ̀. Àwọn ìyá yìí ló ń kọ́ ara wọn jù. Nọ́ọ̀sì lè sọ fún ìyá tuntun pé irun ọmọ rẹ̀ yóò hù padà, ṣùgbọ́n ìyá náà kì í gbà á gbọ́ àfi ìgbà tó bá rí ọmọ tó ti parí ìtọ́jú, tó wá fún àyẹ̀wò, tí irun rẹ̀ kún dẹ́dẹ́, tó ń sáré kiri àgbàlá. Ọmọ tó wà nílé ìwé kò sì yẹ kó pàdánù ọdún méjì. Tábìlì kan, pátákó ìkọ̀wé kan àti olùkọ́ tó ń wá lójoojúmọ́ ti tó. Ṣùgbọ́n ilé yìí kò gbọ́dọ̀ sọ ara rẹ̀ di ọsibítù. Kò sí abẹ́rẹ́, kò sí omi fífà. Bí ara bá gbóná, ọsibítù ni. Ìyẹn ló ṣe yẹ kí ilé wà níbi tí ènìyàn lè fẹsẹ̀ rìn dé ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù pàjáwìrì, tàbí kí dírẹ́bà máa sùn mọ́jú níbẹ̀.

Àwọn kan ní kí òbí máa san owó díẹ̀, kí wọ́n má bàa fojú di ilé náà. Mi ò fara mọ́ ọn. Owó díẹ̀ yẹn ni yóò lé ẹni tí a torí rẹ̀ kọ́lé padà sí kọ̀rídọ̀. Bí ẹ̀rù bá ń bà wá pé ẹni tí kò tọ́ sí yóò wọlé, kí ìwé láti ọ̀dọ̀ dókítà àti òṣìṣẹ́ afẹ́nifẹ́re jẹ́ ọ̀nà kan ṣoṣo tí a fi ń wọlé, kí ẹni tí ilé rẹ̀ jìnnà jù sì kọ́kọ́ rí àyè. Kí àwọn òbí gbálẹ̀, kí wọ́n fọ kíṣìnnì. Wọn kì í kọ̀ ọ́.

Àwọn ọmọ kan yóò kú. Ilé tí kò bá ti pinnu ohun tí yóò ṣe ṣáájú ọjọ́ náà yóò ṣe é níṣekúṣe. Ẹni kan ní láti bá àwọn ọmọ yòókù sọ̀rọ̀, nítorí wọ́n ti mọ̀ kí àgbà tó là á. Owó gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ láti gbé ìyá àti òkú ọmọ rẹ̀ délé, kí obìnrin náà má ṣe máa tọrọ owó ọkọ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Nílé wa ńkọ́? Ní 1972, Ọ̀jọ̀gbọ́n Victor Anomah Ngu, ọmọ Kamẹrúùnù tó ti ṣiṣẹ́ abẹ ní Ìbàdàn, wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn ìṣègùn Lasker nítorí iṣẹ́ wọn lórí fífi oògùn wo jẹjẹrẹ Burkitt, àìsàn tí Denis Burkitt ṣàpèjúwe rẹ̀ ní Uganda ní 1958. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí a ti mọ̀, nílùú Ìbàdàn níhìn-ín, pé oògùn lè ká àìsàn yìí. Àwọn àjọ aláàánú wa ń ṣe bẹbẹ, wọ́n ń dáwó oògùn. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n oògùn tí a dáwó rà fún ọmọ tí kò padà wá, inú fìríìjì ni yóò wà.

Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ìjọ tàbí mọ́ṣáláṣí tó bá fẹ́ ṣe é kò nílò ilé alájà mẹ́ta tí orúkọ olówó wà níwájú rẹ̀. Ó rọrùn láti rí ẹni tí yóò kọ́lé. Ẹni tí yóò san owó iná, ọṣẹ, gáàsì àti owó oṣù dírẹ́bà ní ọdún kẹrin ló ṣọ̀wọ́n. Yàrá mẹ́rin nínú ilé ilẹ̀ tí wọ́n rẹ́ǹtì nítòsí ọsibítù tó fún ìbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú yàrá karùn-ún fún ọmọ tó bá ń wúkọ́, kànga tàbí bọ́hòólù tó dára, àti nẹ́ẹ̀tì lójú fèrèsé. Kí wọ́n ní owó ọdún méjì lọ́wọ́ kí wọ́n tó gba ọmọ àkọ́kọ́, nítorí ọdún méjì ni ọmọ tó ní ALL lè fi máa lọ máa bọ̀. Òṣìṣẹ́ mẹ́ta ni yóò gba owó oṣù: ìyá ilé tó ń gbé ibẹ̀, dírẹ́bà, àti ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ fóònù. Wọ́ọ̀dù á máa fi orúkọ àwọn tó yẹ kó wá lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sí ẹni kẹta yìí. Tó bá di ọ̀sán tí ọmọ kan kò dé, kó pe ìyá rẹ̀. Bí nọ́ńbà ò bá lọ, kó pe bàbá, kó pe baálẹ̀ abúlé, kó sì fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an bó bá jẹ́ pé owó ló dí wọn lọ́wọ́.